Ẹ gbà mí o: 23.62 íǹṣì, ibo ló wà lórí tépù?

KafintaLagere
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnì ni wọ́n gbé fún mi ní Lágéré níbí, ọmọ oníbàárà mi tó wà lókè òkun ló yàwòrán ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán yẹn mọ́, ó dáa, ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ló ní pọ́ìntì. Fífẹ̀ 23.62, gíga 28.35, jíjìn sẹ́yìn 22.05, bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ 0.71, wọ́n sì kọ "inches" gàdàgbà sókè. Tépù tèmi ò ní pọ́ìntì kankan, ìlà wẹ́wẹ́ ló wà lára ẹ̀. Mo mọ̀ pé .5 ni ìdajì, .25 ni kọ́tà, .75 ni tíríkọ́tà, àwọn yẹn ò le. .62 ńkọ́? .35 ńkọ́? .05 wá ńkọ́? Mi ò tíì gé nǹkan kan o, bọ́ọ̀dù ti di ohun olówó iyebíye báyìí, tí mo bá gé e tán tí ò wọlé, ta ló máa san án? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Aluminium_Mayfair
Ọ̀gá mi, kò le rárá. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà níwájú pọ́ìntì sílẹ̀ bó ṣe wà, 23 yẹn ni 23, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì nìkan lẹ máa mú, ẹ wá fi 16 sọ ọ́ di púpọ̀, torí pé ojú 16 ni wọ́n pín íǹṣì kan sí lórí tépù tí púpọ̀ nínú wa ń lò. 0.62 táímìsì 16 jẹ́ 9.92. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 10, ẹ pè é ní 10. Ó di 10/16, ẹ fi 2 pín òkè, ẹ fi 2 pín ìsàlẹ̀, 5/8 nìyẹn. Torí náà 23 àti 5/8.

28.35, ẹ mú 0.35, táímìsì 16, ó jẹ́ 5.6, ẹ pè é ní 6, 6/16 ni 3/8, ó di 28 àti 3/8. 22.05 máa fún yín ní 0.8, ẹ pè é ní 1, 22 àti 1/16, ìlà kékeré àkọ́kọ́ pátá lẹ́yìn 22 nìyẹn.

IyaTelo_Ilesa
Ẹ ṣeun bọ̀ọ̀dá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwa aránṣọ? Tépù ọrùn tèmi ò ní tó 16 o, 8 ni mo kà.

Aluminium_Mayfair
Bẹ́ẹ̀ náà ni mà. Iye ojú tó bá wà nínú íǹṣì kan lórí tépù yín lẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ 8, ẹ fi 8. Ká ní ìdí oníbàárà yín jẹ́ 41.4, 0.4 táímìsì 8 jẹ́ 3.2, ẹ pè é ní 3, ó di 41 àti 3/8. Kí oníkálùkù kọ́kọ́ ka ti ẹ̀ láàrin 1 sí 2, àlàfo ni kẹ́ ẹ kà o, ẹ má ka ìlà, torí ìlà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tẹ́ ẹ parí sí lè jẹ́ kí ẹ lé ọ̀kan. Àwọn tépù irin kan sì wà tó jẹ́ pé fíìtì àkọ́kọ́ lára ẹ̀, 32 ni wọ́n pín íǹṣì rẹ̀ sí, tó bá kọjá ibẹ̀ ló tó padà sí 16. Ẹni tí ò bá ṣàkíyèsí yẹn máa rò pé tépù òun ń ya wèrè ni.

OmoObokun
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ẹ fẹ́ràn wàhálà. Casio tí mo fi ṣe WAEC ní bọ́tìnnì kan tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ó máa sọ nọ́ńbà oní-pọ́ìntì di ìdá fúnra ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ 0.62, ó fún mi ní 31/50. Ó parí.

WelderModakeke
31/50 😂😂😂 ọmọ Ọ̀bokún, wá bá wa fọwọ́ sí 31/50 lórí tépù

Aluminium_Mayfair
Ẹ má fi ṣẹ̀sín jàre. 31/50 ni 0.62 lóòótọ́, tí tíṣà bá bi í, á gba máàkì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pín íǹṣì sọ́nà 50 lórí tépù. Ìdajì, ìdajì ìdajì, ìdajì ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pín in lọ: 2, 4, 8, 16, 32, 64. Ẹ wo ìlà ara tépù dáadáa, ẹ máa rí i pé gígùn wọn ò dọ́gba, ti ìdajì ló gùn jù láàrin íǹṣì méjì, ti kọ́tà ló tẹ̀ lé e, ti 1/8 kúrú sí ìyẹn, ti 1/16 ló wá kéré jù. Casio ò mọ̀ pé tépù lẹ fẹ́ gbé e lọ bá.

TisaIsiro_Ife
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Ẹni tí ò fẹ́ máa tẹ fóònù ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá kún fún lẹ́búlẹ́bú pákó, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kó há sórí, 125. Ìyẹn ni 1/8. Ẹ kàn máa fi 125 kún un: .125, .25, .375, .5, .625, .75, .875. Àwọn ìdá mẹ́jọ nìyẹn pátápátá, 1/8 títí dé 7/8. Àwọn oní 16 tó wà láàrin wọn, ẹ fi .0625 kún èyí tó wà níwájú ẹ̀. Èmi máa ń ní káwọn ọmọ gé e kúrú sí nọ́ńbà méjì: .06 ni 1/16, .19 ni 3/16, .31 ni 5/16, .44 ni 7/16, .56 ni 9/16, .69 ni 11/16, .81 ni 13/16, .94 ni 15/16. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò ní pẹ́ tẹ́ ò fi ní wojú ògiri mọ́.

Ẹni tó bá ní lísìtì gígùn tó sì ní kọ̀ǹpútà, kó kó gbogbo ẹ̀ sínú Excel, kó lọ sí Format Cells, kó mú Fraction, kó wá mú As sixteenths. Ó máa yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní bá yín dín in kù ṣá, 23 10/16 ló máa kọ, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ pé 5/8 ni. Fún ẹni tó ń gé nǹkan, èmi rò pé 10/16 yẹn gan-an sàn, torí ojú mẹ́wàá lẹ máa kà, ẹ ò ní ronú kankan.

Baba_Ereja
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ibi tí mo ti rí i tí àwọn bírìkìlà ń ṣìnà jù ò tiẹ̀ sí nínú íǹṣì, inú fíìtì ló wà. Wọ́n á rí 10.5 fíìtì nínú pláànù, wọ́n á na okùn fíìtì 10 àti íǹṣì 5. Íǹṣì 12 ló wà nínú fíìtì, kì í ṣe 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ná owó ṣílè kí náírà tó dé ní 1973, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ: kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè, ìdajì rẹ̀ ni sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ 6, kọ́tà rẹ̀ ni tọ́rọ́, kọ́bọ̀ 3. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìtì. 0.5 ni íǹṣì 6, 0.25 ni íǹṣì 3, 0.75 ni 9.

Tó bá wá jẹ́ nọ́ńbà wúruwùru, ẹ kọ́kọ́ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀ kó di íǹṣì, lẹ́yìn náà lẹ ó fi 16 sọ èyí tó bá ṣẹ́kù di púpọ̀. 10.58 fíìtì, 0.58 lọ́nà 12 jẹ́ 6.96, íǹṣì 6 wà níbẹ̀, 0.96 lọ́nà 16 jẹ́ 15.36, ẹ pè é ní 15. Fíìtì 10, íǹṣì 6 àti 15/16. Ti bírìkìlà, ẹ pè é ní íǹṣì 7 kẹ́ ẹ máa lọ, pọtọpọtọ á dí i.

WelderModakeke
Bàbá ẹ ṣé gan-an ni sà.

Èmi náà ní ọ̀kan. Àtẹ̀gùn onírin. Ká ní gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7.28, ìgbésẹ̀ 14. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ní .28 ò jìnnà sí kọ́tà, wọ́n á wá máa fi 7 àti 1/4 sàmì lọ, wọ́n á gbé tépù kúrò, wọ́n á tún gbé e lé ibi tí wọ́n sàmì sí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dókè. .03 tí wọ́n sọnù lẹ́ẹ̀kan ò jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ fi 14 sọ ọ́ di púpọ̀, 0.42 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì íǹṣì, ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀ máa já lé lórí, ẹsẹ̀ èèyàn á sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mi ò kí ń gbé ẹnu tépù kúrò nílẹ̀. Mo máa ń ro ó pọ̀ ní pọ́ìntì kí n tó yí i: 7.28, 14.56, 21.84, 29.12, 36.40. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni màá wá yí fúnra ẹ̀, 7 1/4, 14 9/16, 21 13/16, 29 1/8, 36 3/8, títí dé 101.92 tó jẹ́ 101 15/16. Kò sí èyí tó máa fi nǹkan kan ran èkejì.

KafintaLagere
Haa, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó ti yé mi. Èyí tó kù ni bọ́ọ̀dù 0.71 yẹn. 0.71 táímìsì 16 fún mi ní 11.36, ṣé kí n pè é ní 11/16? Àbí kí n kàn pè é ní tíríkọ́tà bí wọ́n ṣe ń pè é níbi tí mo ti ń ra bọ́ọ̀dù?

Engr_Parakin
Ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan o. Mo fi 25.4 sọ gbogbo nọ́ńbà yín di púpọ̀, torí íǹṣì kan jẹ́ 25.4 mm géérégé, kò lé, kò dín, àtọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, ìlú Ọba àtàwọn orílẹ̀-èdè kan tó ń lo íǹṣì ti fẹnu kò síbẹ̀. Ẹ wo ohun tó jáde:

23.62 jẹ́ 599.95
28.35 jẹ́ 720.09
22.05 jẹ́ 560.07
0.71 jẹ́ 18.03

600, 720, 560, 18. Ẹ rí i pé kò sí ìkankan níbẹ̀ tó rí jákujàku. Mílímítà lẹni yẹn fi yàwòrán yìí, àwọn tó ń ṣe kábínẹ́ẹ̀tì ní Yúróòpù ló ń lo 600 àti 720 àti 560 bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló wá yí i sí íǹṣì nígbà tó ń gbé e jáde. Torí náà ẹ yí tépù yín sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ́ ẹ gé e ní mm, kò ní sí ìdá kankan tẹ́ ẹ máa wá.

WelderModakeke
Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pákó, ṣé mm lẹ máa bá wọn sọ? 2 by 2, 2 by 3, 1 by 12, fíìtì 12, èdè wọn nìyẹn. Bọ́ọ̀dù náà, fíìtì 4 by 8 ni.

Engr_Parakin
Ẹ rà á ní 4 by 8, kẹ́ ẹ gé e ní mm, kò sí ìjà níbẹ̀. 4 by 8 yẹn jẹ́ nǹkan bíi 1220 sí 2440. Ẹ̀gbẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 560 sí 720, méjì máa jókòó sí fífẹ̀ ẹ̀, mẹ́ta sí gígùn ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ 6 nìyẹn nínú bọ́ọ̀dù kan, ohun tí ayùn máa jẹ sì ṣì wà níbẹ̀ ní àjẹṣẹ́kù. Ẹ gbìyànjú ìṣirò yẹn pẹ̀lú 22 1/16 àti 28 3/8 kẹ́ ẹ wò ó bóyá orí ò ní fọ́ yín.

KafintaLagere
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mm lára tépù mi ti pa rẹ́ tipẹ́, íǹṣì nìkan ló ṣì hàn. Àwọn ọmọ tó sì wà lọ́dọ̀ mi, íǹṣì ni wọ́n gbọ́.

Engr_Parakin
😂 Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ti bọ́ọ̀dù yín níbi tó ti máa dùn yín, ìyẹn pákó ìsàlẹ̀ tó máa wà láàrin ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ má yí ohunkóhun sí ìdá títí ẹ máa fi yọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ. 23.62, ẹ yọ 0.71 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 1.42, ó ku 22.20. Ìgbà yìí lẹ tó máa yí i: 0.20 táímìsì 16 jẹ́ 3.2, ẹ pè é ní 3. Ẹ gé e ní 22 àti 3/16.

Tẹ́ ẹ bá pe bọ́ọ̀dù ní tíríkọ́tà bíi tàwọn tó ń tà á, ẹ máa yọ íǹṣì 1 àtààbọ̀ kúrò nínú 23 5/8, ó máa ku 22 1/8. Bọ́ọ̀dù tó sì wà lọ́wọ́ yín, 18 mm ni, kò tó tíríkọ́tà, tíríkọ́tà gidi jẹ́ 19.05. Ẹ wá kàn án pọ̀, 22.125 pẹ̀lú 1.42, kábínẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ 23.545 dípò 23.62. Ó fi 0.075 dín. Ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ to márùn-ún jọ lára ògiri, 0.375, 3/8 gbáko ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibẹ̀ sì ni ojú ìyálé máa kọ́kọ́ lọ.

Kẹ́ ẹ tó gé ṣá, ẹ wọn bọ́ọ̀dù fúnra yín. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á gbọ́.

TisaIsiro_Ife
Ohun tí Engr ń sọ yẹn gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá yí nọ́ńbà kan sí 16 tó sún mọ́ ọn jù, ibi tẹ́ ẹ lè ṣì í dé ò lè ju 1/32 lọ, kò tó mílímítà kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta, tẹ́ ẹ wá rò wọ́n pọ̀ tàbí yọ wọ́n nínú ara wọn, 1/32 mẹ́ta lè kóra jọ síbì kan náà.

Ayo_Sabo
Ẹ má bínú, ìbéèrè tèmi yà díẹ̀. Alálùmíníọ̀mù tó fẹ́ kanlé fún wa ní 0.55 ló dáa, ṣé ìdajì íǹṣì nìyẹn?

Aluminium_Mayfair
Ẹ̀gbọ́n ó tì o 😂 mm nìyẹn, 0.55 mm, ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì mílímítà. 0.55 íǹṣì máa jẹ́ mílímítà 14, páànù yẹn á wó ògiri yín lulẹ̀ kó tó dórí ilé. Kò sí ìlà tẹ́ ẹ lè fi wọ̀n ọ́n lórí tépù o, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn nínípọn ló wà fún un.

IyaTelo_Ilesa
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kan sí i. Pátánì tí mo mú lórí ayélujára, cm ló wà níbẹ̀, àyà 97 cm. Mo fi 2.54 pín in, ó fún mi ní 38.189. 0.189 táímìsì 8 jẹ́ 1.51. Ó wà láàrin 1 àti 2 gangan, èwo ni kí n mú?

TisaIsiro_Ife
Ìṣirò ní 2, ìyẹn 2/8, tó jẹ́ 1/4. 38 àti kọ́tà.

Aluminium_Mayfair
Fún ẹ̀yin mà, kódà tó bá jẹ́ 1.3 ló jáde, èmi á ní kẹ́ ẹ gòkè. Aṣọ tó bá tóbi ṣeé rán wọlé, èyí tó bá há, ibo lẹ ti fẹ́ rí aṣọ fi kún un? Tèmi yàtọ̀ pátápátá. Gíláàsì, mi ò kí ń gòkè láéláé. Tí ojú fírémù bá jẹ́ 17.83, 0.83 táímìsì 16 jẹ́ 13.28, màá mú 13, tó bá sì jẹ́ 13.9 náà, 13 náà ni màá mú, màá tún wá yọ àlàfo tí rọ́bà máa jókòó sí. Gíláàsì tó bá fi irun orí lé, kò ní wọlé, tẹ́ ẹ bá sì fipá tì í, ẹ ti mọ ohùn tẹ́ ẹ máa gbọ́. Ìṣirò náà, ọmọ pírámárì lè ṣe é. Mímọ ìgbà tó yẹ kéèyàn gòkè àtìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

IyaTelo_Ilesa
Ẹ ṣeun bọ̀ọ̀dá, Ọlọ́run á túbọ̀ la ojú yín. Mo ti mú kọ́tà.

MekaniikiIlesaRoad
Ẹ̀yin tó ń sọ pé mm àti íǹṣì, ẹ wá wo sípánà. Kálípà mi ka orí bóòtù kan ní 0.437, mo fi 16 sọ ọ́ di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe wí, 6.99, 7/16 nìyẹn, ó jóòótọ́. Ìyẹn jẹ́ 11.11 mm, sípánà 11 lè kọ̀ kó má wọ̀ ọ́. 3/4 ni èmi kì í bá jà, 19.05 ni, 19 sábà máa ń gbà á. 5/16 pẹ̀lú 8 náà jọ ara wọn. Àmọ́ 1/2, 12.7 ni o, tẹ́ ẹ bá fi 13 tú u tó sì ti dógùn-ún, ẹ máa jẹ orí ẹ̀ yípo. 9/16 ló burú jù, 14.29, 14 ò wọ̀ ọ́, 15 ń yí lórí ẹ̀ bí fìlà ẹlòmíì.

OmoObokun
Casio mi ò sọ gbogbo ìyẹn fún mi o

KafintaLagere
Mo ti wọn bọ́ọ̀dù ọ̀hún. Àbúrò mi yá mi ní tépù tó ní mm tó hàn, 18 ló jẹ́ lóòótọ́, ó sì ń bá mi jiyàn pé tépù náà ti bàjẹ́ torí irin ẹnu ẹ̀ ń mì.

Baba_Ereja
Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Irin ẹnu tépù máa ń sún síwá sẹ́yìn níwọ̀n bó ṣe nípọn tó, kó lè jẹ́ pé bó o fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó lóde tàbí o fi ti ògiri nínú, nọ́ńbà kan náà ni wàá bá. Ẹni tó bá fi hámà lù ú pa kó má baà mì mọ́ ló ba tépù ara ẹ̀ jẹ́.

KafintaLagere
Ẹ ṣé Bàbá, màá sọ fún un. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Mo ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mm lókè, íǹṣì nísàlẹ̀, káwọn ọmọ lè máa wo èyí tó bá yé wọn. Àbúrò mi ń béèrè tépù ẹ̀. Ibo ni mo ti lè rí èyí tí mm ẹ̀ ò ní tètè pa rẹ́ rà ní Ifẹ̀ níbí?

Aluminium_Mayfair
Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Sábó. Ẹ mú tépù méjì lọ́wọ́ wọn, ẹ fà wọ́n jáde, ẹ tẹ́ wọn síra títí dé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ìlà wọn ò bá bára mu, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.